Bí a ṣe ń ṣe táǹkì ìńkì tí kò ní wọ àyè tí kì í ṣe tirẹ̀

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni àǹtí kan gbé ìwé ètò ìsìnkú màmá wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ sin màmá. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ là ń lò, gílóòbù kan ṣoṣo ló ń tàn. Ọmọ iṣẹ́ mi rọ ìńkì kún táǹkì méjì tó ti gbẹ, ó dá wọn padà, ó sì fi búlúù sí àyè yẹ́lò. Ó wọlé wẹ́rẹ́, ó tilẹ̀ dún kẹ́. Nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ jáde, ṣe ló dà bíi pé wọ́n rẹ ojú màmá sínú aró. Àǹtí di ìwé náà mú, wọn ò lè sọ̀rọ̀. A dá yẹ́lò padà sí àyè rẹ̀, àwọ̀ ewé ló tún ń jáde, nítorí búlúù ti wọ inú rọ́bà tó ń fa ìńkì títí dé orí ẹ̀rọ. Òru ọjọ́ yẹn la fi fọ̀ ọ́. Yẹ́lò odindi táǹkì kan la fi ṣàn án kó tó mọ́, a sì rí ìwé náà tẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Mi ò bá ọmọ náà wí. Èmi ni mo fi ike kan àpótí tí táǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wọ̀, mo ṣe wọ́n bákan náà nítorí pé ó yá láti gé. Sìtíkà aláwọ̀ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n lábẹ́ gílóòbù jẹnẹrétọ̀, sìtíkà yẹ́lò funfun ni lójú. Lẹ́tà náà ò gbani: K làwa atẹ̀wé ń kọ fún dúdú, ẹni tí kò kọ́ ọ rí yóò máa wá B. Kátíríìjì ilé iṣẹ́ ńlá a máa ní chip tó ń sọ fún ẹ̀rọ irú ìńkì tó wọlé, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ tó dúró nílẹ̀ àpótí láti fa ìńkì bá ti gún ìdí rẹ̀ kí chip tó fọhùn, ìńkì ti dé ibi tí kò yẹ. Ara táǹkì fúnra rẹ̀ ló yẹ kó kọ̀.

Ìdí táǹkì ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Pín in sí àyè mẹ́rin láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí o lẹ eyín ike méjì péré mọ́ ọn. Dúdú, àyè 1 àti 2. Búlúù, 1 àti 3. Pupa, 2 àti 4. Yẹ́lò, 3 àti 4. Lẹ́yìn náà, lu ihò sí ilẹ̀ ilé táǹkì kọ̀ọ̀kan nínú àpótí, níbi tí eyín rẹ̀ yóò bọ́ sí, má lu òmíràn kún un.

Má fi iye eyín ṣe ìyàtọ̀ o. Bí mo ṣe kọ́kọ́ ṣe é nìyẹn: dúdú eyín kan, búlúù méjì, pupa mẹ́ta. Eléyín kan bọ́ sínú ihò eléyín méjì, kò janpata rárá. Bí iye wọn bá dọ́gba tí àyè wọn sì yàtọ̀, kò sí èyí tó lè wọ ilé ìkejì. Ọ̀nà 6 ló wà láti to eyín méjì sí àyè mẹ́rin, mẹ́rin la sì nílò.

Kí eyín gùn ju abẹ́rẹ́ lọ. Bí abẹ́rẹ́ bá yọ 4 mm sókè, èmi máa ń fún eyín ní 6 mm, kí ihò rẹ̀ náà sì jìn tó bẹ́ẹ̀. Táǹkì tó ṣìnà yóò dúró ní 2 mm sí orí abẹ́rẹ́, ìńkì ò ní kán.

Ohun kan ṣì kù tí n kò tètè rí. Bí èèyàn bá yí dúdú padà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ wá síwájú, eyín 1 àti 2 yóò di 4 àti 3. Ilé yẹ́lò nìyẹn! Wo síìmù fóònù rẹ: wọ́n gé igun rẹ̀ kan kí ó má baà wọlé sódì. Gé igun táǹkì bẹ́ẹ̀, kí o sì fi ike dí igun kan náà nínú àpótí láti òkè délẹ̀.

Páálí ni kí o kọ́kọ́ fi ṣe é, kí o tó fọwọ́ kan ike. Gbìyànjú táǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìgbà 16 nìyẹn: 4 ni kó wọlé, 12 ni kó kọ̀. Yí wọn sódì, tún ṣe 16, kí ìkankan má wọlé. Lẹ́yìn náà, pe ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, pa iná, kí ó fi agbára tì í. Eyín tó bá ṣẹ́ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò nípọn tó.

Shigeo Shingo, ará Japan tó bá Toyota ṣiṣẹ́, ló sọ irú ọgbọ́n yìí di mímọ̀ láàárín àwọn ọdún 1960. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ ń pè é túmọ̀ sí ohun tí kì í jẹ́ kí òmùgọ̀ ṣàṣìṣe. Ó yí i padà sí poka-yoke, ìyẹn ni dídènà àṣìṣe, nítorí pé ó ń dun òṣìṣẹ́. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Ọmọ iṣẹ́ mi kì í ṣe òmùgọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ilẹ̀ sì ti ṣú.

Ìkọ́ tó ń di táǹkì mú ló gbẹ̀yìn. Tèmi àtijọ́ máa ń dún kẹ́ kí táǹkì tó jókòó tán, ohun tó sì tan ọmọ náà jẹ nìyẹn. Gbé ìkọ́ náà wálẹ̀, kí ó má dún àyàfi bí eyín méjèèjì bá ti wọ ihò wọn dé ìsàlẹ̀.