Bí Mo Ṣe Fa Iná Sí Ọkọ̀ Onílé Láti Amẹ́ríkà àti Fíríìjì Inú Rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n kan ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ọkọ̀ kan dé láti Amẹ́ríkà, irú èyí tí ó ní ibùsùn, ibi ìdáná àti ilé ìwẹ̀ nínú, wọ́n sì fẹ́ kí àlejò máa sùn sínú rẹ̀ nígbà Ojúde Ọba, nígbà tí ilé kì í gba èrò mọ́. Èmi tí mo ń ṣe iṣẹ́ iná ni wọ́n ní kí n fa iná sí i, kí fíríìjì rẹ̀ sì ṣiṣẹ́.

Ohun tí wọ́n kọ sí ẹnu ibi tí iná ti ń wọ ọkọ̀ náà ni fólítì 120, 60 Hz (iye ìgbà tí iná ń yí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) àti ámpù 30. Fólítì 230 àti 50 Hz ni iná tiwa. Ẹni tí ó bá gé púlọ́ọ̀gì rẹ̀ tí ó sì fi tiwa rọ́pò yóò jó fíríìjì àti ẹ̀rọ tí ń gba iná sí bátìrì, ó sì lè dáná sun ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn tí ó sùn sínú rẹ̀.

Tiransífọ́mà tí yóò sọ 230 di 120 ni a nílò, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyíkéyìí. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà ni iná ìwọlé àti ti ìjáde jọ ń lo kóìlì kan ṣoṣo. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì yí láìfù (wáyà tí ó gbé iná wá) àti niútírà (wáyà tí iná ń gbà padà) rẹ̀ padà, wáyà tí a pè ní niútírà nínú ọkọ̀ yóò máa gbé fólítì 230, bíréékà inú ọkọ̀ kì í sì í já niútírà. Oníkóìlì méjì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5 kVA ni mo béèrè. Níwájú ẹni tí ń tà á, mo fi ẹnu mítà kan kan wáyà ìwọlé, mo fi èkejì kan ti ìjáde, mítà kò sì dún rárá, ìyẹn ni pé kóìlì méjèèjì kò kan ara wọn. Ká ní ó dún ni, n kì bá tí gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo rì irin bàbà mọ́lẹ̀, mo so niútírà ìjáde pọ̀ mọ́ ọn níbi tiransífọ́mà nìkan. A kì í so wọ́n pọ̀ nínú ọkọ̀, kí ara ọkọ̀ má baà máa gbé iná. Lẹ́yìn náà ni mo fi bíréékà tí ń já bí iná bá ń jò sí i. Wáyà 6 mm ni mo lò lọ sí ọkọ̀, nítorí iná 120 ń fa ámpù púpọ̀ ju tiwa lọ fún iṣẹ́ kan náà.

Fíríìjì yìí kò ní kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Ooru ni ó fi ń mú nǹkan tutù, yálà ti iná tàbí ti gáàsì, tí ń se omi àti amóníà inú páìpù ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ohun tí ń ti amóníà náà. Ó ń ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, nítorí náà bí ọkọ̀ bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, páìpù náà yóò gbóná kọjá ààlà. Àgbàlá wọn dagẹ̀rẹ̀, mo sì ti pákó sábẹ́ táyà méjì títí irinṣẹ́ tí bíríkìlà fi ń wo bóyá ilẹ̀ tẹ́jú, tí mo gbé sí ilẹ̀ fíríìjì, fi dúró déédéé. Fólítì 12 láti ara bátìrì ni ọpọlọ fíríìjì náà ń lò. Láìsí fólítì 12 yìí, kò ní tàn, bí iná ìta tilẹ̀ wà. A tàn án lálẹ́, a sì jẹ́ kí ó tutù di àárọ̀ kí a tó kó oúnjẹ sí i.

Ooru kò bìkítà fún 50 tàbí 60 Hz, ṣùgbọ́n mọ́tò tí ń yí nínú ẹ̀rọ amúlétutù bìkítà. Nítorí náà mo já bíréékà ẹ̀rọ amúlétutù orí ọkọ̀ náà, mo lẹ téèpù mọ́ ọn, mo sì bẹ ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn án. Fáànù fólítì 12 ni àwọn àlejò yóò máa lò.