Bí A Ṣe Ń Múra Sílẹ̀ fún Ìwádìí Ìgbì Ọpọlọ

Ẹni tí ó bá fẹ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ìwádìí ìgbì ọpọlọ ní Ìlọrin ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní EEG kì í fi iná mànàmáná sínú orí ẹnikẹ́ni. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ni ó ń dá iná, èyí tí ẹ̀rọ náà ń gbà sílẹ̀ bí ìlà tí ń lọ sókè sódò; òun ni a ń pè ní ìgbì ọpọlọ. Bí a bá sì pín fóòtì (volt) kan, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń wọn agbára iná, sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìpín wọ̀nyẹn ni ó ń dé awọ orí. Hans Berger, dókítà ará Jámánì, ni ó kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀ lára ènìyàn ní ọdún 1924. Ẹ̀rọ náà kò lè ka ohun tí ẹ ń rò. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ kí àlejò fọwọ́ kan orí wa.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ béèrè bóyá ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn olùkópa ti fọwọ́ sí ìwádìí náà, àti bóyá nọ́ńbà ni wọn yóò fi rọ́pò orúkọ yín. Ẹ lè dìde kúrò nígbàkúùgbà láìsọ ìdí, ìyẹn kò sì gbọdọ̀ dí ìtọ́jú yín lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn. Bí wárápá bá ti ṣe yín rí, ẹ má fi pamọ́, nítorí pé àwọn ìwádìí kan máa ń lo iná tí ń ṣẹ́jú, èyí tí ó lè gbé e dìde.

Ibi irun ni wàhálà wà. Irin kéékèèké tí ó wà lára fìlà tí wọ́n máa dé sí yín lórí láti gba iná ọpọlọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kan awọ orí, bẹ́ẹ̀ sì ni irun òyìnbó ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣe fìlà náà ní lọ́kàn. Ẹ yọ wíìgì, ẹ tú àtáṣìmẹ́ǹtì àti irun tí a fi òwú kó, ẹ fi ọṣẹ fọ orí ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ẹ má sì fi òrí, àdí tàbí ìpara kankan sí i. Bí ẹ bá fẹ́ di irun, ẹ béèrè ibi tí àwọn irin náà yóò wà, kí onídìrí lè la ojú irun gba ibẹ̀; kọ́lẹ́sẹ̀ tí ìlà rẹ̀ tọ́ dára ju ṣùkú lọ. Bí wọ́n bá ní àfi kí ẹ fárí, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Obìnrin tí ó ń lo híjáàbù lè béèrè pé kí obìnrin bíi tirẹ̀ wọ fìlà náà fún òun nínú yàrá tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ sùn dáadáa, àyàfi tí wọ́n bá sọ pé kí ẹ má sùn. Ẹ má jẹ obì, ẹ má sì mu kọfí láàárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí pé ohun kan náà tí ń lé oorun lọ ni ó wà nínú méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ oṣù Ramadan, ẹ sọ fún wọn pé ẹ jí ṣe sààrì. Ẹni tí ó ń bọ̀ láti Ọ̀ffà tàbí Òmù-Àrán, kí ó tètè gbéra kí òógùn ara rẹ̀ lè gbẹ, nítorí pé òógùn máa ń ba àkọsílẹ̀ jẹ́.

Tí wọ́n bá ti wọ fìlà fún yín tán, ẹ tú ẹnu sílẹ̀, ẹ má wa eyín pọ̀, ẹ má sì jẹ ṣingọ́ọ̀mù: iná tí iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dá ju ti ọpọlọ lọ dáadáa. Ẹ pa fóònù. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ojú kọ̀ǹpútà hàn yín lẹ́yìn náà. Ní ibi tí ẹ ti di ojú, ẹ ó sábà rí ìgbì kan tí ń lọ tí ń bọ̀ ní nǹkan bí ìgbà 8 sí 13 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Berger náà rí i.

Ẹ mú òòyà, aṣọ ìnura àti ìborí dání, nítorí pé jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi sí orí máa ń gbẹ mọ́ irun bí kò bá tètè rí omi.