Bí fọ́tò bíìṣì yín ṣe máa jáde dáadáa, kí ojú yín má baà dúdú

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, oòrùn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Èèyàn á lọ sí bíìṣì Elegushi tàbí Oniru l'Ékòó lọ́jọ́ Sátidé, kò ní débẹ̀ títí aago kan ọ̀sán, á kẹ̀yìn sí òkun, á rẹ́rìn-ín, wọ́n á yà á, tó bá wá délé tó wo fọ́tò báyìí, ojú ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ojú ọ̀run sì funfun báláú. Ló bá ní fóònù òun ò dáa. Fóònù wo? Ibi tó dúró sí ni o.

Lápá Èkó, gúúsù ni òkun wà, tí ẹ bá kọjú sí omi, ọwọ́ òsì yín ni oòrùn ti máa yọ, ọwọ́ ọ̀tún ló máa wọ̀ sí. Torí náà ẹ má kẹ̀yìn sí omi tààrà, ẹ jẹ́ kí omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láàárọ̀, bíi aago méje sí mẹ́sàn-án, kí ẹni tí ẹ ń yà kọjú síbi tí oòrùn ti yọ, tó bá di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kó kọjú síbi tó ń wọ̀ sí, ẹ sì tètè ṣe é torí láàrin bíi aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje ó ti wọ̀ tán. Ẹni tó bá fẹ́ ya oòrùn tó ń wọ̀ lórí òkun gan-an, ìgbà Kérésì ni kó lọ, oòrùn máa ń fì sápá omi nígbà yẹn, tó bá di oṣù Kẹfà apá ilẹ̀ ló ń wọ̀ sí. Tí ọyẹ́ bá tún wà ńlẹ̀, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò sì ní le lójú.

Tó bá jẹ́ ọ̀sán nìkan lẹ ráàyè, ẹ wọ abẹ́ kánópì, ṣùgbọ́n ẹ má wọnú lọ jìnnà, etí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró sí, kẹ́ ẹ kọjú síta. Yanrìn tó wà nínú oòrùn níta yẹn á máa tanná padà sójú yín lọ́fẹ̀ẹ́. Táwẹ́lì funfun lórí ẹsẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́ yẹn tí ẹ bá jókòó.

Yanrìn àti ìgbì tó ń hó funfun máa ń tan kámẹ́rà jẹ, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á wá dín gbogbo ẹ̀ kù, àwa aláwọ̀ dúdú ló sì ń jìyà ẹ̀. Ẹ fìka tẹ ojú ẹni náà lórí fóònù, lórí iPhone àti ọ̀pọ̀ Android àmì oòrùn kékeré kan máa jáde, ẹ rọra fà á sókè. Tí ojú ọ̀run bá tìtorí ẹ̀ funfun díẹ̀, kó funfun jàre, ṣé ojú ọ̀run la wá yà ni?

Nǹkan míì tí wọn kì í kíyè sí ni ìlà tí omi àti ojú ọ̀run ti pàdé. Kò gbọdọ̀ dagun, kò sì gbọdọ̀ gba ọrùn èèyàn kọjá. Ibi tẹ́ ẹ bá gbé fóònù dé ni ìlà yẹn máa ń gbà lára ẹni tó dúró, torí náà ẹ lóṣòó kí fóònù wà ní ìbàdí ẹ̀, ìlà á gba ìbàdí, ẹsẹ̀ á tún gùn sí i.

Omi iyọ̀ máa ń fọ́n sójú kámẹ́rà, gbogbo fọ́tò á wá rí bàìbàì. Ẹ kọ́kọ́ fẹnu fẹ́ yanrìn kúrò kẹ́ ẹ tó fi aṣọ nù ún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yanrìn á ha ojú kámẹ́rà. Ẹ má sì máa fẹ̀yìn rìn wọ omi torí fọ́tò o, òkun Èkó le, ti Tarkwa Bay ló rọjú díẹ̀.

Tó bá jẹ́ àwọn fotogíráfà etí òkun ló máa yà yín, ẹ dúnàá-dúrà kó tó gbé kámẹ́rà sójú, ẹ bi í bóyá owó ẹyọ kan ni àbí ti gbogbo ẹ̀. Ẹ ní kó fi ránṣẹ́ bíi document lórí WhatsApp, torí tó bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, WhatsApp máa fún un pọ̀, kò ní mọ́lẹ̀ kedere mọ́.