Bí mo ṣe fi páìpù abẹ́ ilẹ̀ fọ iyọ̀ kúrò nínú oko mi létí òkun

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ilẹ̀ bá mọ́, ojú oko mi a máa funfun bí ẹni fi ẹfun kùn ún. Mo fi ìka kó o, mo tọ́ ọ wò: iyọ̀ ni. Àgbàdo tí mo gbìn síbẹ̀ hù, ó ga dé orúnkún, etí ewé rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ẹni pé iná rà á. Odidi ọdún kan ni mo fi ń bu omi lé ilẹ̀ náà lórí, mo rò pé iyọ̀ á bá omi wọlẹ̀ lọ. Ó wọlẹ̀ lóòótọ́. Bí òjò ṣe dá, ó tún gòkè. Omi abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 80 lọ, ilẹ̀ sì ń fà á mu bí òwú fìtílà ṣe ń fa epo. Oòrùn á gbé omi lọ, iyọ̀ á ṣẹ́kù. Omi tí mo ń dà kò rí ibi jáde, òun ni iyọ̀ náà kò ṣe lọ.

Kí n tó gbé ṣọ́bìrì, ohun tó bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe iyọ̀. Àwọn ilẹ̀ etíkun kan wà tí irin àti imí ọjọ́ so pọ̀ mọ́ra nínú wọn. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá bò wọ́n, wọn kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Tí ẹ bá fa omi wọn tán tí afẹ́fẹ́ sì kàn wọ́n, ásíìdì ni wọ́n ń dà, pH ilẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n tí ń fi bí ilẹ̀ ṣe kan tó hàn (bó ṣe ń kéré sí i ni ilẹ̀ ń kan sí i), a já wá sísàlẹ̀ 4, oko náà bàjẹ́ nìyẹn. Mo gbẹ́ ihò dé mítà kan àbọ̀, mo wá àbàwọ́n pupa rúsúrúsú, n kò rí i. Mo da hydrogen peroxide, oògùn olómi tí wọ́n fi ń fọ egbò, sórí ilẹ̀ tí mo bù. Ó hó díẹ̀, ṣùgbọ́n ewé jíjẹrà náà lè mú un hó, nítorí náà pH rẹ̀ ni mo ń wò. Kò já wálẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí.

Àyẹ̀wò iyọ̀ fún mi ní 9 lórí òṣùwọ̀n dS/m, èyí tí ń fi bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó hàn. Láti 4 ni wọ́n ti ń pe ilẹ̀ ní oníyọ̀; èso àgbàdo ti ń dín kù láti nǹkan bí 1.7. Omi òkun fúnra rẹ̀ tó nǹkan bí 50.

Láti ibi tí omi máa jáde sí ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò, a sì ń gbẹ́ ẹ gòkè lọ, kí omi tó bá rú jáde lè máa ṣàn kúrò lẹ́sẹ̀ wa. Kòtò méjì ni, mítà 60 ni gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, mítà 12 ló wà láàárín wọn torí pé amọ̀ ni ilẹ̀ mi. Ilẹ̀ oníyanrìn lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Láti mítà kan lókè, ó rọra jìn sí i títí tó fi fi sẹ̀ǹtímítà 12 lé ní ìsàlẹ̀. Rọ́bà gígùn olómi tí àwọn bíríkìlà ń lò la fi wọn ọ́n. Páìpù ike oníhò wẹ́wẹ́ la tẹ́ sínú rẹ̀, a fi òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn yí i ká kí ẹrẹ̀ má baà wọ̀ ọ́.

Ọjọ́ kejì, ojú ọ̀run ṣú, mo sì kánjú. Ibi tó tó mítà mẹ́rin wọ̀ sísàlẹ̀ láàárín, n kò sì wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, omi tó ń tẹnu páìpù yẹn jáde tín-ín-rín, ó sì dúdú. Nígbà tí a tú u, ẹrẹ̀ ti dí ibi tó wọ̀ náà pinpin. A tún un tẹ́. Bí kòtò bá gbé páìpù wọ̀ ní ìka méjì péré, ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ máa jókòó sí.

Òkun náà ní tirẹ̀. Tó bá kún, ó ń bo ẹnu páìpù, ó sì ń fẹ́ padà wọnú oko. Mo fi ìdérí kan síbẹ̀ tí omi inú lè tì ṣí, tí omi ìta á sì tì pa.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo ju ẹ̀rún ilẹ̀ kan sínú ife omi òjò, mo fi sílẹ̀ láì rò ó. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, omi yí i ká funfun bí omi ẹfun. Sodium inú iyọ̀ ló ń tú amọ̀ náà ká; tí òjò tí kò níyọ̀ bá rọ̀ sí i báyìí, ojú ilẹ̀ á lẹ̀ pọ̀, omi kò ní wọlẹ̀ mọ́. Gypsum, òkúta ẹlẹ́rọ̀ tí wọ́n ń lọ̀ kúnná, ni oògùn rẹ̀: calcium inú rẹ̀ ló ń lé sodium kúrò lára amọ̀. Nígbà tí òkun ya wọ Netherlands ní 1953, gypsum ni wọ́n fọ́n sí àwọn oko tó kàn lẹ́yìn náà. Mo fọ́n tèmi kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30 lè kó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iyọ̀ kúrò nínú ilẹ̀ tó jìn tó bẹ́ẹ̀. Lórí ilẹ̀ mi, lítà 432,000 nìyẹn, òjò nìkan ló lè gbé e. Mo fi ebè yí oko ká. Tí omi bá tó sẹ̀ǹtímítà 10, mo jẹ́ kó fà tán, kí ilẹ̀ sinmi, kí n tó tún gba òmíràn. Omi tó bá dúró láìdáwọ́dúró ń gba inú àwọn ihò ńlá kọjá, ó ń fi iyọ̀ inú ògúlùtu sílẹ̀.

Àràárọ̀ ni mo ń lọ bẹ̀rẹ̀ sí ẹnu páìpù pẹ̀lú ife. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ omi náà korò létè, ẹ̀rọ kà á sí 22. Ní ọ̀sẹ̀ keje ó di 9. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń fi han gbogbo ẹni tó bá kọjá.

Nígbà tí òjò dá, sẹ̀ǹtímítà 30 òkè ti bọ́ sí 3.1, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ 6. Mo ti fi koríko gbígbẹ bo gbogbo ojú oko kí oòrùn má baà tún fà á gòkè, mo sì ti tún ebè ṣe de òjò tó ń bọ̀.