Bí Owó Ìtọ́jú Ẹṣin Bá Di Gbèsè: Ta Ló Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Di Ẹṣin Mú?

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba ẹṣin ẹlẹ́ṣin tọ́jú ní Ìbàdàn ló gbà pé bí wọ́n bá jẹ àwọn lówó, àwọn lè so ẹṣin náà mọ́lẹ̀ títí owó yóò fi jáde. Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Òfin Gẹ̀ẹ́sì tí a jogún, tí ilé ẹjọ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣì ń lò, sọ pé ẹni tó kàn ń fún ẹṣin ní koríko, omi àti ibi ìsùn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dì í mú nítorí gbèsè. Láti ọdún 1833 ni àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀: oúnjẹ kì í fi kún iye ẹṣin, ẹlẹ́ṣin sì lè mú un jáde láti gùn ún nígbàkígbà tó bá wù ú. Gbèsè náà ṣì wà, ẹ lè pè é lẹ́jọ́. Ẹṣin nìkan ni ẹ kò lè fi ṣe ìdógò.

Ẹni tó ń kọ́ ẹṣin níṣẹ́ yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni alágbẹ̀dẹ tó kan bàtà ẹsẹ̀ fún un. Iṣẹ́ wọn fi kún iye ẹṣin, nítorí náà wọ́n lè dì í mú tí wọn kò bá tíì gba owó iṣẹ́ náà. Àmọ́ ẹ̀tọ́ yìí ní ààlà. Owó iṣẹ́ yẹn nìkan ló wà fún, kì í ṣe gbèsè àtẹ̀yìnwá. Bí ẹ bá ti fà á lé ẹlẹ́ṣin lọ́wọ́, ẹ̀tọ́ náà ti parí. Kò sì fún yín láṣẹ láti ta ẹṣin. Èyí tó máa ń dun àwọn ènìyàn jù ni pé oúnjẹ tó ń jẹ nígbà tí ẹ dì í mú, àpò ara yín ló ti ń jáde. Ẹ kò lè fi kún gbèsè náà. Ẹṣin kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n gbàgbé sí ṣọ́ọ̀bù alátùn-ún-ṣe.

Ìdí nìyí tí àdéhùn tí ẹ kọ sílẹ̀ fi ṣe pàtàkì ju ohun gbogbo lọ. Kí ẹṣin tó wọlé ni kí ẹ ti kọ ọ́. Ẹ kọ iye owó oṣù, ọjọ́ tí yóò máa wọlé, àti ohun tó wà nínú rẹ̀: koríko, ọkà bàbà, èérún, kíkó ìgbẹ́, oògùn aràn. Ẹ kọ ìwọ̀n oúnjẹ. Ẹṣin ìbílẹ̀ tó wúwo tó 300 kg máa ń jẹ nǹkan bíi 6 kg oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́, nítorí náà bí ìwé owó bá sọ pé ó jẹ 12 kg, ẹ béèrè ẹni tó jẹ ìyókù. Ẹ kọ iye tí olùtọ́jú lè ná lórí dókítà ẹran láìpe ẹlẹ́ṣin, torí inú rírun ẹṣin kì í dúró de ẹni tí fóònù rẹ̀ kò lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ẹ̀tọ́ ìdìmú àti títà. Ẹ sọ pé bí owó bá pẹ́ ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ, olùtọ́jú lè di ẹṣin mú. Pé lẹ́yìn ìwé ìkìlọ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, ó lè tà á. Pé dókítà ẹran tí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan ni yóò díye lé e. Àti pé owó tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá yọ gbèsè kúrò yóò padà sọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin. Láìsí gbólóhùn títà yìí, ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ yín kò ní ojúlówó ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ẹ wádìí bóyá ẹni tó mú ẹṣin wá ló ni ín. Ẹ ya àwòrán iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì, àpá ara àti pátákò. Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀.

Bí owó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́, ẹ má jẹ́ kó di oṣù mẹ́fà kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ní oṣù kejì, ẹ kọ lẹ́tà: iye gbèsè, oṣù tí wọn kò tíì san, ọjọ́ mẹ́rìnlá láti san án. Ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp pẹ̀lú ìwé gidi tí ẹlẹ́ṣin fọwọ́ sí pé òun gbà. Bí ẹ bá fẹ́ fi WhatsApp jẹ́rìí nílé ẹjọ́, abala 84 Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 béèrè ìwé ìjẹ́rìísí nípa ẹ̀rọ tí ó ti jáde. Lọ́yà lè bá yín kọ ọ́. Ẹ pa rìsíìtì ìfowóránṣẹ́ mọ́. Bí kò bá dáhùn, ilé ẹjọ́ májísíréètì ní Ìyágànkú ni ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé rẹ̀ bóyá owó náà wà láàárín àṣẹ wọn. Bí ó bá pọ̀ jù, Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ring Road.

Ẹ má pe ọlọ́pàá. Abala 32 Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó já nìkan. Ẹ má sì dín oúnjẹ ẹṣin kù láti fi fìyà jẹ ẹni tó ni ín. Fífìyà jẹ ẹranko jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn, olùtọ́jú ni wọn yóò gbé, kì í ṣe ajigbèsè.

Ẹ̀yin ẹlẹ́ṣin náà ní ohun tó yẹ kí ẹ ṣe. Ẹ san èyí tí ẹ kò jiyàn lé lórí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ àríyànjiyàn tó kù sínú ìwé. Bí wọ́n bá kọ̀ láti dá ẹṣin padà, ẹ béèrè rẹ̀ nínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kó o, torí kíkọ̀ wọn lẹ́yìn ìbéèrè ló máa ń fún yín ní ẹ̀tọ́ láti pè wọ́n lẹ́jọ́. Ẹ má ṣe wá jí i kó lóru. Bí àdéhùn bá fún olùtọ́jú ní ẹ̀tọ́ ìdìmú, fífi ẹ̀tàn mú ẹṣin ara yín lè di olè lábẹ́ òfin. Bí ẹṣin bá kú tàbí tó farapa lọ́dọ̀ wọn, olùtọ́jú ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ṣọ́ra. Ẹ̀yin kò ní láti fi àìbìkítà rẹ̀ hàn kọ́kọ́. Nítorí náà, ẹ pe dókítà ẹran, bíi ti ilé ìwòsàn ẹran Yunifásítì Ìbàdàn, kó kọ ìjábọ̀ kí wọ́n tó sin òkú.

Gàárì àti ìjánu kò sí nínú ẹ̀tọ́ ìdìmú, àfi bí wọ́n bá kọ wọ́n sínú àdéhùn. Ọjọ́ tí owó bá pé, ẹ gba rìsíìtì tí a kọ «gbogbo gbèsè ti parí» sí, kí ẹṣin tó jáde ní ẹnu ọ̀nà.