Bí mo ṣe kúrò ní 38 dé 71 nínú físíìsì JAMB

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe JAMB, 38 ni mo gbà nínú físíìsì. Nínú 100 o, ẹ má rò pé nínú 40 ni. Ẹnjiníà sì ni mo fẹ́ lọ kọ́, ta ló fẹ́ gba ẹni tó ní 38 nínú físíìsì wọlé? Ohun tó dùn mí jù ni pé kì í ṣe pé mi ò kàwé. Mo ti kọ gbogbo fọ́múlà sórí pépà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ bá jí mi lóru mo lè kà á fún yín kí n tó la ojú.

Nígbà tó kù bí oṣù márùn-ún sí ìdánwò kejì, mo jókòó ti past question, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí mi ò ka máàkì, ibi tí mo ti ṣì í ni mò ń wò. Ìbéèrè kan báyìí, mọ́tò ń sá eré 72 kìlómítà ní wákàtí kan, dírẹ́bà tẹ bíréèkì, ó dúró pátápátá lẹ́yìn sẹ́kọ́ǹdì 5, wọ́n ní ká wá deceleration rẹ̀, ìyẹn bí eré rẹ̀ ṣe ń dínkù ní sẹ́kọ́ǹdì kọ̀ọ̀kan. Èmi fi 5 pín 72, ó fún mi ní 14.4, mo wo àwọn ìdáhùn, 14.4 jókòó síbẹ̀ gbagidi, inú mi dùn, mo mú un. Mo kùnà. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ 72 yẹn di mítà ní sẹ́kọ́ǹdì kan, ìyẹn 20, kí n tó fi 5 pín in, 4 ni ìdáhùn. Háà! Àṣé àwọn tó ń ṣètò ìbéèrè yìí mọ gbogbo ibi tí a máa ń gbà ṣubú, wọ́n sì ti gbẹ́ kòtò dè wá níbẹ̀. Tí nọ́ńbà tí o ṣírò bá wà nínú ìdáhùn, kò túmọ̀ sí pé o gbà á o.

Ni mo bá ra ìwé kan, mo kọ "Ìwé Ìṣubú" sí iwájú rẹ̀. Gbogbo ìbéèrè tí mo bá kùnà, mo máa kọ ọ́ síbẹ̀, màá kọ ìdáhùn tí mo mú, màá wá kọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, mo rí i pé nǹkan mẹ́rin márùn-ún kan náà ló ń pa mí. Mi ò yí unit padà, mo fi diameter ṣe radius, mo gbàgbé Kelvin (ìyẹn ká fi 273 kún digírì Celsius ká tó ṣírò). Ti Kelvin yẹn burú jù. Wọ́n á ní gáàsì kan wà nínú ike tó le, ó gbóná láti 27 dé 127 digírì Celsius, pressure rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń ti ara ike náà, jẹ́ 3 atm tẹ́lẹ̀, mélòó ló dà báyìí, èmi á ti fi 27 pín 127, màá fi 3 sọ ọ́ di púpọ̀, ó máa di 14 àti díẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé 300 lọ sí 400 ni, 4 atm péré.

Ti pendulum, ìyẹn nǹkan tí wọ́n fi okùn so kọ́ tó ń fì lọ fì bọ̀, ló wá gbádùn jù. Nílé ìwé, ọmọ mẹ́jọ la yí ohun èlò kan ká, èmi ni mo wà lẹ́yìn tí mò ń kọ nọ́ńbà tí wọ́n ń pè, kí n tó jáde mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Torí náà mo mú àgádágodo ńlá kan nílé, mo fi òwú so ó mọ́ ìṣó lára àjà, mo fi téèpù màámi wọn òwú náà (aránṣọ ni wọ́n), 100 sẹ̀ǹtímítà géérégé. Mo fì í díẹ̀, mo tẹ stopwatch fóònù, mo ka ogún ìgbà tó lọ tó bọ̀. Sẹ́kọ́ǹdì 41, ẹ̀ẹ̀kan wá jẹ́ 2.05. Mo ṣírò g, ìyẹn bí eré nǹkan tó ń já bọ́ ṣe ń pọ̀ sí i ní sẹ́kọ́ǹdì kọ̀ọ̀kan, 9.4. Mo tún un ṣe, 9.4. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, 9.4 náà ni, bẹ́ẹ̀ gbogbo ayé ń sọ pé 9.8. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ti mú iná lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i ni mo tó rí i pé orí kókó òwú ni mo wọn dé. Àárín àgádágodo gan-an ló yẹ kí n wọn dé! Mo wọn ọ́n, 104.5, mo ṣírò, 9.8. Igbe tí mo ké, màámi sáré wọlé.

"Kí ló dé? Àgádágodo wo lo so kọ́ àjà yẹn? Ta ló ní kó o so ó?"

Mo ní físíìsì ni. Wọ́n wò mí, wọ́n wo àjà, wọ́n ní "físíìsì" bí ẹni tí kò gbà á gbọ́ rárá. Lọ́jọ́ kejì mo dín in kù sí ìdá mẹ́rin, 25 sẹ̀ǹtímítà, ó wá ń lọ ó ń bọ̀ ní bíi sẹ́kọ́ǹdì kan. Kò sí ẹni tó tún lè fi ìbéèrè pendulum dẹ́rù bà mí.

Ti àkókò ló kù. Ìbéèrè 180 ní wákàtí 2, 60 nínú Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ìkọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yòókù, ẹ pín in, 40 sẹ́kọ́ǹdì lórí ìkan. Ìṣirò físíìsì míì ò lè tán ní 40 sẹ́kọ́ǹdì, torí náà mo gé ti Gẹ̀ẹ́sì àti kẹ́mísìrì sí 25 mínítì 25 mínítì, físíìsì àti mátì wá gba 35 35. Nínú físíìsì, àwọn tí kò ní ìṣirò ni màá kọ́kọ́ ṣe, kọ̀ǹpútà la fi ń ṣe é, màá tẹ N (next) kọjá àwọn tó gùn, màá fi P (previous) padà wá bá wọn. Mi ò ní kọ̀ǹpútà nílé, ní kàfé ni mo ti ń san owó wákàtí kọ̀ọ̀kan láti fi ṣe é, ó dùn mí lápò jàre, àmọ́ ọwọ́ mi mọ kíbọ́ọ̀dù.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo kúrò nílé ní aago márùn-ún ìdájí. Kọ̀ǹpútà mi dì pa ní àárín mátì, mo na ọwọ́ sókè títí, wọ́n tún un tàn, àwọn ìdáhùn mi ṣì wà níbẹ̀, mo mí kanlẹ̀. Nínú físíìsì, bíi mẹ́fà ni mo kàn méfò ìdáhùn wọn, pàápàá àwọn ti lẹ́ǹsì.

Nígbà tí èsì jáde, mo fi UTMERESULT ránṣẹ́ sí 55019, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. 71 nínú físíìsì. Mo sáré lọ bá màámi ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n jó, wọ́n gbàdúrà fún mi dáadáa, wọ́n wá ní ṣé mo lè wá bá àwọn já àgádágodo yẹn sílẹ̀ báyìí.