Ìtọ́sọ́nà fún yíyọ àbàwọ́n lára ankárá àtijọ́ àti aṣọ ìrántí nínú ilé

Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Ẹ̀bùté Mẹ́ta àti Ṣómólú ló ní àpótí tí aṣọ àtijọ́ wà nínú rẹ̀: ankárá tí ìyá àgbà rà ní Balógun, aṣọ ìrántí òmìnira ọdún 1960, ti FESTAC (àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú) ọdún 1977, tàbí àdìrẹ ẹlẹ́kọ láti Abẹ́òkúta. Ohun tó sábà máa ń ba irú aṣọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ kì í ṣe àbàwọ́n, bí kò ṣe ọ̀nà tí a gbà lé àbàwọ́n náà. Oògùn afunfun bíi Jik àti Hypo á ṣí àwọ̀ kúrò, wọ́n á sì jẹ fọ́nrán òwú. Bí a bá ń fi ọwọ́ gbo ó, aṣọ tó ti gbó á ya. Àbàwọ́n díẹ̀ tó ṣẹ́kù kò lè dín iyì aṣọ kù tó àwọ̀ tó ti ṣí lọ, torí náà ibi tí omi, ọṣẹ díẹ̀ àti sùúrù bá gbé e dé ni kí ẹ ti dúró.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú aṣọ tó wà lọ́wọ́ yín

Ankárá tí wọ́n fi ìda ṣe máa ń hàn bákan náà lójú àti lẹ́yìn, ẹ ó sì rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí ìda ti sán. Èyí sábà máa ń gba omi dáadáa. Aṣọ ìrántí tó ní àwòrán ojú èèyàn, ojú kan ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ sí. Bí ẹ bá fi ìka kàn án tí àwọ̀ náà le lórí aṣọ, orí aṣọ ló lẹ̀ mọ́, kò wọnú òwú. Ẹ má ṣe gbo ó rárá. Aró ara àdìrẹ kì í yọ́ sínú omi, ṣùgbọ́n èyí tí kò wọ̀ dáadáa á máa bọ́ sí ọwọ́.

Aṣọ tí kò tíì di rírán tí ìwé ilé iṣẹ́ ṣì lẹ̀ mọ́, ẹ má fọ̀ ọ́. Eruku nìkan ni kí ẹ gbọ̀n kúrò. Ẹ má sì gé etí aṣọ tí orúkọ ilé iṣẹ́ wà. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń kó aṣọ jọ máa ń kọ́kọ́ wò.

Lẹ́yìn náà, ẹ dán àwọ̀ wò. Ẹ rẹ òwú funfun sínú omi tútù, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ igun kan tí kò hàn fún ìṣẹ́jú 3, kí ẹ wo òwú náà. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú omi ọṣẹ. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ dán wò lọ́tọ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí pupa àti dúdú. Bí òwú bá gba àwọ̀, ẹ má rẹ aṣọ náà. Iyọ̀ tàbí fínígà tí wọ́n ní kí ẹ fi di àwọ̀ mú kò lè di àwọ̀ ankárá àtijọ́ mú.

Omi Èkó

Omi tí à ń lò ni ìdí tí ọ̀pọ̀ aṣọ funfun fi ń pọ́n láìjẹ́ pé ọṣẹ kò dára. Omi bóhóòlù ní àdúgbò púpọ̀ ní irin nínú. Ó mọ́ kedere bó ṣe ń jáde, àmọ́ bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, irin náà á di ìpẹtà, á sì wọ ara aṣọ. Ẹ pọn ún sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun lálẹ́. Bí ẹ bá rí nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ lówùúrọ̀, ẹ má fi fọ aṣọ yìí. Omi òjò tí a gbè síbi tó mọ́, tí kò gba orí páànù tó ti dípẹtà, dára. Bí kò bá sí, ẹ fi omi inú ọ̀rá ṣe ìṣanlẹ̀ tó kẹ́yìn, ó kéré tán.

Fífọ̀

Ẹ kọ́kọ́ gbọn eruku. Ẹ tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, kí ẹ fi búrọ́ṣì rírọ̀ gbá a láti òkè nẹ́ẹ̀tì. Eruku tí omi bá bá lára aṣọ á di ẹrẹ̀ nínú fọ́nrán.

Ẹ tẹ́ nẹ́ẹ̀tì mìíràn sínú báàfù ńlá, ẹ da omi tútù sí i, ẹ tẹ́ aṣọ lé e lórí. Nẹ́ẹ̀tì yìí ni ẹ ó fi máa gbé e, torí òwú tó ti rẹ wúwo, aṣọ gbígbó sì lè fà ya bí ẹ bá di igun rẹ̀ mú. Omi àkọ́kọ́ á dà bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe àwọ̀ ló ń lọ: ìdọ̀tí àti òwú tó ti ń bàjẹ́ ni. Ẹ dà á nù lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ rọ òmíràn, títí tí kò fi ní pọ́n mọ́. Ọ̀pọ̀ àbàwọ́n ọjọ́ pípẹ́ á ti ṣá níbẹ̀ láìtíì kan ọṣẹ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ po ṣíbí tíì kan ọṣẹ olómi tí kò ní àwọ̀ àti òórùn dídùn mọ́ omi lítà 5. Ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ aṣọ náà jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ má lo ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú, torí òmíràn ní oògùn afunfun nínú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ má lo ọṣẹ dúdú tàbí búlúù. Ẹ ṣan án tó ìgbà 4 tàbí 5, títí tí kò fi ní hó mọ́. Ọṣẹ tó ṣẹ́kù á pọ́n bó bá pẹ́.

Bí àwọ̀ bá ń jáde lójijì, ẹ má sáré gbé aṣọ jáde kí ó gbẹ. Ẹ máa da omi tútù púpọ̀ lé e lórí, kí àwọ̀ náà máa bá omi lọ dípò kí ó jókòó sí ibi funfun.

Àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan

Ẹ má fi omi nu ojú kan ṣoṣo lára aṣọ gbígbẹ. Ibi tí omi bá dúró ni yóò kó ìdọ̀tí jọ sí, á sì fi ìlà òrùka sílẹ̀ tó ṣòro yọ ju àbàwọ́n àkọ́kọ́ lọ. Gbogbo aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ rẹ.

Àmọ́ epo pupa, aṣọ tó bu àti ìda àbẹ́là, ní gbígbẹ ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Epo pupa: ẹ bu páúdà sí i, kí ó fa epo fún wákàtí mélòó kan, kí ẹ gbọ̀n ọ́n kúrò. Ẹ rẹ aṣọ, ẹ kán ọṣẹ olómi sójú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ ṣan án. Bí àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bá kù, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ epo a máa ṣá fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má lo kẹrosíìnì.

Ìpẹtà irin: ẹ sẹ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ dán an wò ní igun kan, ẹ fi òwú kán an sójú ìpẹtà fún ìṣẹ́jú 5 lábẹ́ òjìji, kí ẹ ṣan án dáadáa. Ẹ lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Omi ọsàn tó bá gbẹ sí aṣọ á jẹ ẹ́. Ẹ má da Jik tàbí Hypo sí ìpẹtà, yóò le sí i. Tí wọ́n bá sì pàdé omi ọsàn tàbí fínígà, èéfín olóró ló ń jáde.

Aṣọ tó bu: ẹ gbé e síta, ẹ bo imú, kí ẹ fi búrọ́ṣì gbá a ní gbígbẹ kí omi tó kàn án. Àmì dúdú tó bá kù, ó ti wọnú òwú nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀, omi tútù nìkan. Ìda àbẹ́là, ẹ fi sínú fíríìjì kí ó le, kí ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí họ ọ́. Yíǹkì bírò, ẹ má fọwọ́ kàn án. Sípírítù á tú àwọ̀ aṣọ pọ̀ mọ́ ọn.

Sísá àti fífi pamọ́

Ẹ má fún un. Ẹ ká a mọ́ táwẹ̀lì funfun kí ó fa omi, kí ẹ tẹ́ ẹ gbalaja nínú ilé níwájú fáànù. Oòrùn ọ̀sán á ṣá àwọ̀, áyọ́ọ̀nù gbígbóná sì ń so àbàwọ́n mọ́ aṣọ, torí náà ẹ má lọ ọ́ bí àbàwọ́n bá ṣì wà. Àsìkò ọyẹ́, ní oṣù Kejìlá sí Kìíní, ló dára jù fún iṣẹ́ yìí ní Èkó.

Ẹ rí i pé ó gbẹ pátápátá, ẹ má fi ṣítáàṣì sí i nítorí kòkòrò, kí ẹ ká a yí páálí róbótó tí ẹ ti fi aṣọ funfun fífọ̀ bò. Ọ̀rá ń há ọ̀rinrin mọ́ aṣọ, yíǹkì ìwé ìròyìn ń ràn, kàfúrà kò sì gbọdọ̀ kan aṣọ. Bí ó bá jẹ́ kíká nìkan ló ṣeé ṣe, ẹ tú u ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta kí ẹ ká a gba ojú ìlà mìíràn. Lásìkò òjò, ẹ máa ṣí àpótí wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.